Iyọ̀ òru ọjọ́ Ẹtì: Ta ló sọ fún yín, ta ló sì sọ fún ẹni tó sọ fún yín?

Aago mẹ́ta òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹjọ, ọdún 2014 ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè. Kò kí mi, kò sì bi mí bóyá mo ti sùn. Ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, “Ṣé ẹ ní iyọ̀ nílé?” Ó ní àrùn Ebola tó wọ Èkó ti fẹ́ gba gbogbo Nàìjíríà kan, àmọ́ wọ́n ti rí ohun tó ń dènà rẹ̀. Kí n yáa po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná, kí n fi wẹ̀, kí n sì mu díẹ̀ níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní bí ilẹ̀ bá fi lè mọ́, kò ní í ṣiṣẹ́ mọ́.

Mo dìde. Èmi tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìròyìn ni mo fi ń jẹun, èmi tí mo máa ń bi àwọn èèyàn pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, ojú ta ló ṣe, mi ò bi ẹ̀gbọ́n mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo gbé omi kaná, mo da iyọ̀ sí i, mo wẹ̀, mo sì bu ife kan mu. Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣe èyí tó burú jù níbẹ̀: mo pe màmá wa lábúlé.

Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ti pẹ́ tí nọ́ọ̀sì ti ní kí wọ́n dín iyọ̀ ọbẹ̀ wọn kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ wọn tó wà nílùú ńlá, tó tún jẹ́ oníwèé ìròyìn, pè wọ́n lóru pé kí wọ́n mu omi iyọ̀, ta ni wọn ì bá tún gbọ́ tirẹ̀? Ife méjì ni wọ́n mu. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, òòyì ti ń kọ́ wọn, orí ń fọ́ wọn, ojú wọn sì ń ṣú. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí. Ọlọ́run ló kó wa yọ, wọ́n gbádùn.

Ti àwọn mìíràn ò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín oṣù yẹn kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu pé kí Ebola má baà mú wọn. Ebola ò pa àwọn yẹn. Ìròyìn ló pa wọ́n.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí nìyí. Níbo la ti ń gbọ́ ìròyìn? Ta là ń gbà gbọ́? Kí ló sì fà á tí ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ fi máa ń sáré ju ọ̀rọ̀ òótọ́ lọ?

ÒTÍTỌ́ LÓ GBÉ IRỌ́ PỌ̀N

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ ogún, oṣù Keje, ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Patrick Sawyer wọ bàálù láti orílẹ̀-èdè Làìbéríà, ó gba ìlú Lomé kọjá, ó sì balẹ̀ sí Èkó. Àìsàn ti wà lára rẹ̀ kó tó dé. Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn náà ló kú sí ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ. Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù Kẹjọ tí à ń sọ yìí gan-an, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti di ọ̀ràn pàjáwìrì fún gbogbo ayé, Ààrẹ Goodluck Jonathan náà sì kéde ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ fún Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹ̀rù tó ń bà wá kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Nǹkan wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ibi tí irọ́ ti ń rí ọ̀nà wọlé nìyẹn. Irọ́ kì í sábà dá rìn. Òtítọ́ ló máa ń gbé e pọ̀n. Ebola wà, òótọ́ ni. Kò tíì sí oògùn rẹ̀ nígbà náà, òótọ́ ni. Iyọ̀ ni a fi ń pa ẹran mọ́ kó má baà rà, òun náà ni a fi ń fọ egbò, òótọ́ tún ni. Nígbà tí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ kẹrin tó jẹ́ irọ́ lé e, a ò mọ ìyàtọ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti orógbó rí. Lọ́dún 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu, tó jẹ́ onímọ̀ nípa egbòogi, sọ níbi àpérò àwọn onímọ̀ ewéko nílùú St. Louis ní Amẹ́ríkà pé ohun kan tí wọ́n yọ lára orógbó dá kòkòrò Ebola dúró nígbà tí wọ́n dán an wò. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti dán an wò, kì í ṣe lára èèyàn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi dé ọjà lọ́dún 2014, ó ti di pé ẹni tó bá ti ń jẹ orógbó, Ebola ò lè mú un. Kò sẹ́ni tó dìídì gbìmọ̀ pé òun fẹ́ parọ́ níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu kejì ni ó ń jó rẹ̀yìn, tí ohun tó yẹ kí a sọ mọ́ ọn sì ń já bọ́ lójú ọ̀nà.

ÀWỌN BÀBÁ WA Ò GBA AKÉDE GBỌ́ LÁSÁN

Àwọn àgbà tó ń ka ojú ìwé yìí á rántí ìgbà tí akéde máa ń lu agogo kiri àdúgbò lálẹ́, lẹ́yìn tí oníkálùkù bá ti ti oko dé. Yóò lu agogo, yóò kígbe, yóò sọ ẹni tó rán an níṣẹ́, yóò sì wá sọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ẹ kíyè sí i: orúkọ ẹni tó rán an ló máa ń ṣáájú. Bí akéde bá kéde ohun tí Ọba ò rán an, gbogbo ìlú mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ bàbá rẹ̀, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ti lè mú un. Ohun tó mú kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ nìyẹn. Kì í ṣe nítorí pé ohùn rẹ̀ ròkè.

Àrokò náà kò yàtọ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi àrokò rán mọ̀ pé bí òun bá yí iṣẹ́ padà lọ́nà, yóò hàn. Síbẹ̀ náà, àwọn bàbá wa sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Wọ́n tún sọ pé agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n mọ̀ pé ẹnu kan kì í tó láti fi mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀.

Nígbà tí ìwé ìròyìn dé, ilẹ̀ Yorùbá ló kọ́kọ́ dé ní orílẹ̀-èdè tí a wá ń pè ní Nàìjíríà yìí. Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá lóṣù Kejìlá, ọdún 1859. Ọ̀ọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á, ìyẹn 120. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń jáde, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ ìjọ àti ọ̀rọ̀ ìlú, títí di ọdún 1867 tí ìjà lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, tí ìwé ìròyìn náà sì kógbá sílé.

Láti ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń sọ pé, “Ó wà nínú ìwé ìròyìn,” bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí Akéde Èkó, tí I. B. Thomas ń tẹ̀ jáde. Láàárín ọdún 1929 sí 1930, ó ń gbé lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Obìnrin náà ní òun ti lo ayé òun nílòkulò, àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀ báyìí, kí àwọn ọ̀dọ́ fi òun kọ́gbọ́n. Àánú rẹ̀ ṣe àwọn èèyàn. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló gbà pé obìnrin kan wà níbì kan l'Ékòó tó ń fi omijé kọ lẹ́tà. Àṣé Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ìtàn àròsọ ni. Lónìí, àwọn ọ̀mọ̀wé kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, iṣẹ́ ọwọ́ tó dára sì ni. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé bí nǹkan bá wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di òótọ́.

ASỌ̀RỌ̀MÁGBÈSÌ

Lọ́dún 1935 ni ìjọba òyìnbó fa wáyà rédíò wọ àwọn ilé kan l'Ékòó. Àwọn èèyàn wa fún un lórúkọ tó bá a mu, wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń bá ọ sọ̀rọ̀, ìwọ ò lè fún un lésì. Ẹ̀rín wà nínú orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n pọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ti rí i pé ẹni tí a ò lè bi léèrè ọ̀rọ̀, ó yẹ kí a ṣọ́ra fún un.

Lọ́dún 1953, Gómìnà John Macpherson bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sì sọ̀rọ̀ tó le nípa ẹgbẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọ́n kọ̀. Ó wà lára ohun tó mú kí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ n'Íbàdàn. Oṣù Kẹwàá, ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n náà bẹ̀rẹ̀, ó sì di tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. A máa ń fi ìyẹn yangàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò pé ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà tí rédíò tí a dá sílẹ̀ nítorí pé wọn ò gbà kí a fèsì náà di èyí tí wọ́n ní kò gba èsì àwọn alátakò. Lóṣù Kẹwàá, ọdún 1965, lẹ́yìn ìdìbò tó dá wàhálà sílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, ẹnì kan fi ìbọn wọ ilé iṣẹ́ rédíò náà, ó ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá kúrò, kí wọ́n fi téèpù mìíràn sí i. Wọ́n mú Wọlé Ṣóyínká, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀ lóṣù Kejìlá ọdún yẹn.

Ẹni tó bá ti dàgbà nígbà wàhálà ìdìbò ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹfà, ọdún 1993, á rántí tirẹ̀. Lóṣù Keje ọdún náà, ìjọba ológun ti ilé iṣẹ́ The Punch, Concord àti Sketch pa, àwọn mìíràn sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé rédíò kékeré tó ń gbé BBC ni wọ́n ń so mọ́ etí lálẹ́ kí wọ́n lè mọ ohun tó ń lọ nínú ìlú tí àwọn fúnra wọn ń gbé.

Nítorí náà, nígbà tí àgbàlagbà kan bá ní òun ò gba gbogbo ohun tí rédíò ìjọba ń sọ gbọ́, kì í ṣe pé ó ya olóríkunkun. Ó ti rí i rí ni. Ohun tó kàn ń dunni ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti bọ́ lọ́wọ́ kan, a sì tún ti kó sọ́wọ́ kejì. A ní a ò gba rédíò gbọ́ mọ́, a wá ń gba ohunkóhun tó bá ti inú fóònù jáde gbọ́.

NÍGBÀ TÍ GBOGBO WỌN ṢÌNÀ

Ẹnì kan lè ní, “Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn náà ńkọ́?” Òótọ́ ni, àwa náà máa ń ṣìnà. Lóṣù Kọkànlá, ọdún 1989, ìròyìn jáde káàkiri Nàìjíríà pé Dókítà Nnamdi Azikiwe, tí gbogbo ayé ń pè ní Zik, ti kú. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèdárò. Àṣé Zik wà láàyè. Ọdún 1996 ló tó kú, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Karùn-ún. Ó lé ní ọdún mẹ́fà tó fi gbé ayé lẹ́yìn tí wọ́n ti kéde ikú rẹ̀.

Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé, báwo ni a ṣe wá mọ̀ pé irọ́ ni? Orúkọ àwọn tó gbé ìròyìn náà wà lára ìwé wọn, àdírẹ́sì wọn wà níbẹ̀. Wọ́n ní láti jáde padà wá sọ pé àwọn ṣàṣìṣe. Ojú tì wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé iṣẹ́ ìròyìn àti àhesọ nìyẹn. Kì í ṣe pé ilé iṣẹ́ ìròyìn kì í ṣìnà, ó ní ojú tí ó lè tì ni. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ lọ́dún 2014 kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ màmá mi, nítorí màmá mi ò mọ ẹni tó jẹ́, èmi náà ò mọ̀ ọ́n.

ẸNI TÓ Ń RÀ LÓ Ń SỌ IYE TÍ Ó JẸ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa mọ èyí dáadáa. Kí ìjọba tó fòpin sí àwọn bọ́ọ̀dù tó ń ra ohun ọ̀gbìn lọ́dún 1986, iye tí wọn yóò máa ra kòkó ni wọ́n ń kéde. Bí ó tó, bí kò tó, gbogbo àgbẹ̀ ló gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ iye owó wá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń wá ra kòkó lábúlé. Ẹni tó fẹ́ rà á lówó pọ́ọ́kú náà ló ń sọ fún àgbẹ̀ pé ọjà ti wó. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ló ń parọ́, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ wà nínú kí àgbẹ̀ má mọ̀.

Lóṣù Kejìlá, ọdún 2024, owó tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 12,000 lọ́jà New York, irú èyí tí a ò rí rí. Àgbẹ̀ tó ní ọmọ kan nílùú tó ń bá a wo iye náà lórí fóònù, tó sì tún bi oníkòkó méjì mẹ́ta kó tó tà, kò lè gba iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó gbára lé ẹnu oníbàárà kan ṣoṣo. Èyí fi hàn pé fóònù kọ́ ni ọ̀tá wa. Bí a ṣe ń lò ó ni.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ ká kíyè sí lórí rédíò, ìyẹn ètò àwọn alágbo. Ẹ ó gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé agbo òun ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ojú dídùn àti làkúrègbé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn èèyàn yóò wá máa sọ pé, “Rédíò ló sọ ọ́.” Rédíò kọ́ ló sọ ọ́ o. Ẹni tó ń ta agbo ló sanwó fún àkókò yẹn. Ìpolówó ni, kì í ṣe ìròyìn. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ìgò agbo náà kò túmọ̀ sí pé NAFDAC ti jẹ́rìí pé ó ń wo gbogbo àìsàn tí wọ́n kà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìgò náà ni wọ́n kọ ọ́ sí lára pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń wò wò, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé ojú àgbà kò lè kà á.

Bákan náà ni ètò ìwé ìròyìn kíkà ní àárọ̀, tí gbogbo wa fẹ́ràn. Olóòtú yóò ka àkòrí ìròyìn, yóò wá fi òwe, àwàdà àti èrò tirẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ máa ya méjèèjì sọ́tọ̀: èwo ni ìwé ìròyìn sọ, èwo ni olóòtú fi kún un?

FÓÒNÙ TÓ WÀ LỌ́WỌ́ WA

Oṣù Kẹjọ, ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Nígbà yẹn, ohùn nìkan àti ọ̀rọ̀ ṣókí ló ń gbé. Lónìí, àwòrán, fídíò àti ohùn tí ẹnì kan gbà sílẹ̀ ló ń kó wọlé, àwọn ọmọ wa tó wà n'Íbàdàn, l'Ékòó àti ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì ń fi í ránṣẹ́ sí wa. Nítorí pé ọmọ wa ló fi ránṣẹ́, a ń rò pé ọmọ wa ló sọ ọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì tó gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ìfẹ́ ló fi fi ránṣẹ́. Ìfẹ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi fi pè mí lóru ọjọ́ Ẹtì yẹn.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Jubril. Nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tó ti ń gba ìtọ́jú lọ́dún 2017, àwọn kan gbé e kiri pé ó ti kú, pé ọkùnrin kan láti Sudan tó ń jẹ́ Jubril ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Fídíò lóríṣiríṣi ń jáde, wọ́n ń fi etí wé etí, wọ́n ń fi ọwọ́ wé ọwọ́. Ọ̀rọ̀ náà gbilẹ̀ débi pé ní oṣù Kejìlá, ọdún 2018, ní orílẹ̀-èdè Poland, Buhari fúnra rẹ̀ ní láti sọ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ pé òun gan-an ni. Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Keje, ọdún 2025 ló tó kú ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àwọn tó ni WhatsApp náà rí i pé ọ̀rọ̀ ń di rannto. Lọ́dún 2019, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí ju ibi márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dún 2020, wọ́n tún dín in kù fún iṣẹ́ tó bá ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ibì kan ṣoṣo ni a lè fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n sì fi àmì sí i. Ẹ ní kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yín fi hàn yín: bí ẹ bá rí ọfà kékeré méjì tó tẹ̀ lé ara wọn lókè ọ̀rọ̀ náà, ó ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín kọ́ ló kọ ọ́.

Ẹ tún mọ̀ pé ohùn kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú mọ́. Kọ̀ǹpútà ti lè ṣe ohùn tó jọ ti èèyàn gan-an, ó sì lè mú kí ẹnu gómìnà tàbí dókítà máa mì nínú fídíò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò sọ rí. Bí “ọmọ yín” bá fi ohùn ránṣẹ́ pé òun ti wọ wàhálà, kí ẹ yára fowó ránṣẹ́, ẹ pè é lórí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ná.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN

Kò pọn dandan kí èèyàn kàwé jìnnà kó tó lè yẹ ìròyìn wò. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìbéèrè mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀.

Èkíní, ta ló fojú rí i? Bí ìdáhùn bá jẹ́ “wọ́n ní” tàbí “ó wà káàkiri,” ọ̀rọ̀ náà kò tíì ní bàbá.

Èkejì, ta ló máa jèrè bí mo bá gbà á gbọ́? Ẹni tó ń tà, ẹni tó ń wá ìbò, ẹni tó ń gba owó ìrànlọ́wọ́, ẹ fi etí kan ṣoṣo gbọ́ tiwọn ná.

Ẹ̀kẹta, ta ni mìíràn tó tún sọ ọ́? Ẹ má ṣe jẹ́ kí iye ẹnu tàn yín jẹ. Bí aládùúgbò mẹ́wàá bá sọ ohun kan náà fún yín, tó sì jẹ́ pé inú fóònù kan náà ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni ẹ ní, kì í ṣe mẹ́wàá.

Ẹ̀kẹrin, kí ló dé tó fi ń kánjú? “Kí ilẹ̀ tó mọ́,” “fi ránṣẹ́ sí èèyàn ogún kíákíá,” “wọ́n fẹ́ pa á rẹ́.” Òtítọ́ kì í bàjẹ́ bí ẹ bá sùn lé e lórí di àárọ̀. Irọ́ ló máa ń bẹ̀rù ojúmọ́.

Ẹ sì mọ ẹni tí ẹ ó bi ní ọ̀rọ̀ wo. Ọ̀rọ̀ oògùn, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ni. Ọ̀rọ̀ kẹ́míkà tí a ń fọ́n sí kòkó, òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ni. Bí ẹni tó mọ ìwé Mímọ́ bá sọ̀rọ̀ nípa oògùn, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ tún bi nọ́ọ̀sì.

OHUN TÓ LÉ EBOLA LỌ

Ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Iyọ̀ kọ́ ló lé Ebola kúrò ní Nàìjíríà, orógbó náà sì kọ́. Ọ̀rọ̀ òótọ́ tí wọ́n sọ lásìkò ló ṣe é. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò gbà kí Sawyer kúrò nílé ìwòsàn, láìka gbogbo ìhalẹ̀ sí. Dókítà náà kó àrùn ọ̀hún, ó sì kú lọ́jọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹjọ, ọdún 2014. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá ń wá gbogbo ẹni tó ti fara kan aláìsàn kiri, èèyàn 894. Nǹkan bí ìgbà 18,500 ni wọ́n kan ilẹ̀kùn àwọn èèyàn wọ̀nyí láti wo ara wọn, kí wọ́n sì bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú. Èèyàn 20 ló kó àrùn náà, 8 nínú wọn sì kú, Sawyer àti Dókítà Adadevoh wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ ogún, oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti tán ní Nàìjíríà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹni tó ní orúkọ, tó ní iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́, ló wá sí ẹnu ọ̀nà, ó sọ ohun tó mọ̀, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá ní ìbéèrè lè bi í, yóò sì rí èsì. Akéde àtijọ́ náà nìyẹn, agogo nìkan ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá wa ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Wọ́n ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, iyọ̀ ọbẹ̀ wọn ò sì pọ̀. Ọ̀rọ̀ òru ọjọ́ yẹn, wọn ò fi bá mi jà rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè wọ́n lónìí, tí mo ní, “Màmá, ṣé ẹ ti gbọ́ nǹkan tó ṣẹlẹ̀?” wọn kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ jìnnà tí wọ́n á fi dá mi dúró.

Wọ́n á ní, “Ta ló sọ fún ọ?”

Bí mi ò bá rí èsì fún un, wọ́n á ní kí n lọ wádìí rẹ̀ dáadáa ná, kí n tó padà pe àwọn.